Omi Inú Ẹyinjú Ta Ni Wọ́n Yẹ̀ Wò?

Láàárín ọdún 2005 sí 2007, àwọn dókítà ojú lọ káàkiri Nàìjíríà, wọ́n yẹ ojú àwọn tó ti pé ọmọ ogójì ọdún sókè wò. Àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò lé ní 13,500. Nígbà tí wọ́n ṣírò ti glọ̀kómà, àrùn tó ń pa iṣan ìríran, nínú wọn, ẹnì kan nínú ogún ló ní in. Nínú àwọn tó ní in, àwọn tó mọ̀ pé àwọn ní in kò pé mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹnì kan nínú márùn-ún wọn ló sì ti fọ́jú. Èsì náà tún fi hàn pé àwa Yorùbá àti àwọn Ígbò ni àrùn yìí wọ́pọ̀ láàárín wọn ju àwọn ẹ̀yà mìíràn lọ.

Ní àárín gbùngbùn Èkìtì, láti Adó dé Ìyìn àti Ìgèdè, láti Àrámọ̀kọ dé Ìjerò àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, bí àrùn náà ṣe ń wọlé sí àwọn èèyàn lára kò yàtọ̀ sí ti ibòmíràn. Kì í dunni, kì í sì í jẹ́ kí ojú pọ́n. Ẹ̀gbẹ́ ló ti ń jẹ ìríran bọ̀ wá sí àárín, tó fi jẹ́ pé ẹni tí ojú rẹ̀ kan ti ń lọ ṣì ń fi èkejì ka Bíbélì tàbí Kùránì, tó ń ka owó lọ́jà Ọba, tí kò sì fura rárá. Nígbà tó bá ń kọsẹ̀ lára àga, tí ọ̀kadà ń yọ sí i lójijì láti ẹ̀gbẹ́, àwọn ará ilé á ní ojú àgbà ni. Nígbà tó bá fi máa dé ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì (EKSUTH) ní Adó, tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì, tàbí ti Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá, ojú kan ti lè lọ, kí dókítà wá máa jà fún èyí tó kù. Kátáráátì ṣeé yọ kí ojú tún là. Ohun tí glọ̀kómà bá ti gbé lọ, kò sí iṣẹ́ abẹ tó ń gbà á padà.

Iṣan tó ń gbé ìríran láti ojú lọ sí ọpọlọ ní fọ́nrán tó tó mílíọ̀nù kan. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lára ojú àwọn tó ti dolóògbé fi hàn pé ìdá kan nínú mẹ́rin wọn, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lè ti kú kí ẹ̀rọ tó ń yẹ ìríran ẹ̀gbẹ́ wò tó rí àléébù kankan. Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí fi ń béèrè bóyá nǹkan kan wà nínú ojú tó ń yí padà ṣáájú àkókò náà, tí a lè wọ̀n. Ìbéèrè yẹn ló gbé wọn dé inú omi ẹyinjú, níbi tí wọ́n ti ń ṣa purotéènì yẹ̀ wò láti ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Mo fẹ́ tò ó sílẹ̀ níhìn-ín ohun tí wọ́n rí, èyí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ àti èyí tí kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀, nítorí ó dá mi lójú pé àwa gan-an tí àrùn yìí ń bá jà jù ni kò tíì sí nínú ìmọ̀ náà tó bó ṣe yẹ.

Omi tí mò ń wí yìí kì í ṣe omijé. Omijé ń ṣàn lóde ojú. Omi ẹyinjú wà nínú, láàárín awọ iwájú ojú tó mọ́ gaara àti lẹ́ńsì. Awọ yẹn àti lẹ́ńsì kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan, omi yìí ló ń bọ́ wọn. Kò pọ̀: gbogbo èyí tó wà ní iwájú ojú kan kò ju ìdá mẹ́rin mílílítà kan, bí ẹ̀kán omi márùn-ún. Ojú ń pèsè tuntun ní ìwọ̀n máíkírólítà méjì sí méjì àbọ̀ ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà láàárín nǹkan bí wákàtí méjì, omi àtijọ́ á ti lọ, tuntun á ti rọ́pò rẹ̀. Ibi tó ń gbà jáde ni asẹ́ tíntín kan tó wà ní igun ojú nínú, tó ń da omi náà sínú ihò róbótó tí wọ́n fi orúkọ Schlemm pè, kó tó dà pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀. Bí asẹ́ yìí bá le, tí omi kò rọ́nà lọ dáadáa, ìfúnpá ojú á ga. Ìwọ̀n tí wọ́n kà sí dáadáa ni 10 sí 21 lórí òṣùwọ̀n mákúrì. Síbẹ̀ àwọn kan wà tí ìfúnpá wọn kò ga ju bẹ́ẹ̀ lọ tí iṣan ìríran wọn ń kú.

Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ní nǹkan bí 70 mílígíráàmù purotéènì nínú mílílítà kọ̀ọ̀kan omi rẹ̀. Omi ẹyinjú kò ní ju nǹkan bí 0.2 lọ. Odi kan wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ojú tí kò jẹ́ kí purotéènì ńlá kọjá, òun ló jẹ́ kí omi náà mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ fi ń là á kọjá. Nítorí pé purotéènì inú rẹ̀ kéré báyìí, ìyípadà díẹ̀ ti tó láti hàn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, omi náà ń fọ asẹ́ yẹn kó tó jáde, ó sì ń kó ohun tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ bá tú sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń ka omi yìí lè mọ bí asẹ́ náà ṣe wà láìfọwọ́ kàn án.

Lójú tèmi, purotéènì tí ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti rí ni èyí tí wọ́n ń pè ní TGF-β2. Lọ́dún 1994, Tripathi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé ó pọ̀ nínú omi ẹyinjú àwọn tó ní irú glọ̀kómà tó wọ́pọ̀ jù, èyí tí igun ojú wọn ṣí sílẹ̀, ju ti àwọn tí kò ní in lọ. Àwọn láàbù mìíràn tún un ṣe lẹ́yìn náà, wọ́n rí bákan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo aláìsàn ló pọ̀ lójú rẹ̀. Purotéènì yìí kì í ṣe ọ̀tá. Ó wà nínú ojú tó dá ṣáká pẹ̀lú, ó ń mú kí àwọn ọmọ ogun ara sinmi kí wọ́n má bàa da ojú rú. Tó bá pọ̀ jù ni wàhálà dé, nítorí òun ló ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì asẹ́ pé kí wọ́n máa ta okùn tuntun sára àwọn ihò, kí wọ́n má sì wó ti àtijọ́. Asẹ́ á wá nípọn, á gan. Ohun tó jẹ́ kí n gbà á gbọ́ ju àwọn yòókù lọ ni pé wọn kò dúró lórí kíkà nìkan. Nígbà tí wọ́n fún ojú eku ní TGF-β2 tó pọ̀, ìfúnpá rẹ̀ ga. Nígbà tí wọ́n dà á sínú ojú ènìyàn tó ti dolóògbé tí wọ́n ṣì ń fi omi bọ́ ní láàbù, omi kò rọ́nà jáde bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Oògùn kíkán kan sì wà, netarsudil, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ìparí ọdún 2017, tó ń ṣiṣẹ́ lórí líle asẹ́ náà gan-an. Àwọn oògùn kíkán tí ọ̀pọ̀ aláìsàn mọ̀ tẹ́lẹ̀, bíi timolol, dídín omi tí ojú ń pèsè kù ni tiwọn.

Èkejì ni myocilin, ìtàn tirẹ̀ sì kan ilé wa tààrà. Ọdún 1997 ni Stone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àléébù nínú jíìnì rẹ̀ ń fa glọ̀kómà nínú àwọn ìdílé kan. Nínú gbogbo àwọn tó ní glọ̀kómà onígun ṣíṣí, nǹkan bí méjì sí mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ̀rọ̀ wọn rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí jíìnì bá ní àléébù, purotéènì náà kì í ká bó ṣe yẹ, á há sínú sẹ́ẹ̀lì asẹ́, á sì máa pa á láti inú. Nítorí náà, lọ́dún 2001, àwọn tó wá a nínú omi ẹyinjú irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ kò rí èyí tó ní àléébù náà níbẹ̀: kò jáde wá rárá. Ohun tí kò sí nínú omi lè jẹ́ àmì àrùn gẹ́gẹ́ bí ohun tó pọ̀ níbẹ̀.

Kí ló wá kan ilé wa nínú rẹ̀? Kí wọ́n tó mọ jíìnì yẹn, wọ́n ti mọ purotéènì náà gẹ́gẹ́ bí èyí tí asẹ́ ojú ń pèsè yanturu nígbà tí wọ́n bá fi oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dù sí i. Sítẹ́rọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kán sójú fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lè gbé ìfúnpá ojú sókè lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ sì wo bí a ti ń ṣe ní Adó àti àwọn ìlú wa yòókù: nígbà tí àpóló bá dé, tàbí tí ojú ọmọ bá ń yún un nígbà ọyẹ́, ilé ìtaja oògùn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà la ń sáré lọ. Nínú àwọn ìgò kékeré tí wọ́n ń tà níbẹ̀, sítẹ́rọ́ọ̀dù wà nínú òmíràn. Ojú á fúyẹ́ lọ́jọ́ kejì, ìyá á tún ra òmíràn nígbà tó bá tún yún, títí tí ọdún á fi yípo. Ó dùn mí pé ọmọdé lè fọ́jú nítorí oògùn tí a rà fún un nítorí ìfẹ́. Ẹ má ra oògùn ojú láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́, ẹ má sì lò ó kọjá iye ọjọ́ tó sọ.

Àwọn purotéènì yòókù pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè to gbogbo wọn. Ní ìlú Mainz, ní Jámánì, Grus àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kéde lọ́dún 2008 pé transthyretin, tó sábà máa ń gbé fítámì A àti èròjà tí ẹṣẹ́ táírọ́ìdì ní ọrùn ń tú jáde kiri inú ara, pọ̀ nínú omi ẹyinjú àwọn aláìsàn. Purotéènì yìí lè dì mọ́ra wọn, kó sì di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí ara kò lè kó kúrò, wọ́n sì rò pé ó lè máa dí asẹ́. Endothelin-1, tó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún, pọ̀ pẹ̀lú. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ tó ń fi ìwúwo dá purotéènì mọ̀ ti dé, àwọn láàbù ń ka ọgọ́rọ̀ọ̀rún purotéènì nínú ẹ̀kán kan ṣoṣo, ìwé tí wọ́n sì ń kọ jáde ń fi èyí tó pọ̀ àti èyí tó dínkù hàn. Bí a bá to àwọn ìwé náà síra, orúkọ tó wà nínú ọ̀kan sábà máa ń ṣaláìsí nínú èkejì. Èyí tó bára mu jù nínú wọn ni pé àwọn purotéènì tó jẹ mọ́ ìjà ara àti àwọn tó jẹ mọ́ ìbàjẹ́ tí ọ́síjìn ń fà sábà máa ń yí padà.

Mo fẹ́ ya GDF15 sọ́tọ̀ nínú wọn. Ẹgbẹ́ kan ní Yunifásítì Washington ní ìlú St. Louis, Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde lọ́dún 2017. Wọ́n kọ́kọ́ rí i lára eku pé purotéènì yìí ń pọ̀ nígbà tí sẹ́ẹ̀lì iṣan ìríran bá ń kú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá a nínú omi ẹyinjú ènìyàn, wọ́n rí i pé ó pọ̀ lára àwọn tó ní glọ̀kómà, ó sì pọ̀ sí i lára àwọn tí ọ̀rọ̀ tiwọn ti burú. TGF-β2 ń sọ bí asẹ́ ṣe rí. GDF15 lè máa sọ bí iṣan ìríran fúnra rẹ̀ ṣe ń jìyà. Bí ọjọ́ kan bá wà tí dókítà á lè fi omi ẹyinjú mọ̀ pé oògùn tí aláìsàn ń kán tó tàbí kò tó, irú purotéènì yìí ni yóò fi mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ náà kò tíì dé. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun ní àyẹ̀wò purotéènì ojú tó ń dá glọ̀kómà mọ̀, tó sì ń gba owó lé e lórí, ẹ máa bá tiyín lọ.

Ìdí tí n kò fi gbà pé ọjọ́ náà ti dé kì í ṣe pé àwọn olùwádìí kò mọṣẹ́. Omi náà ló ṣòro láti rí gbà. Kò sí ẹni tí yóò ki abẹ́rẹ́ bọ ojú ẹni tí ara rẹ̀ dá nítorí kó lè rí omi wọ̀n. Orí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ti ń fà á. Ẹni tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ glọ̀kómà fún sì ni ẹni tí oògùn kò ràn lọ́wọ́ mọ́, tí àrùn náà ti pẹ́ lára rẹ̀. Omi rẹ̀ kò lè sọ fún wa bí ìbẹ̀rẹ̀ ṣe rí. Oògùn tó ti ń kán láti ọdún pípẹ́ tún wà nínú ọ̀rọ̀ náà: irú bíi latanoprost ń yí purotéènì inú ojú padà fúnra rẹ̀, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa oògùn mọ́ nínú ìgò sì lè jẹ́ kí odi àárín ẹ̀jẹ̀ àti ojú jò. Ta ni wọ́n wá ń fi wé e? Ẹni tó wá yọ kátáráátì. Òun náà kì í ṣe ẹni tí ojú rẹ̀ dá. Bí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ bá sì kán sínú omi náà nígbà tí wọ́n ń fà á, purotéènì ẹ̀jẹ̀ á bò ó mọ́lẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìwádìí wọ̀nyí, iye aláìsàn kò ju ogún tàbí ọgbọ̀n lọ. Ohun tó nira jù lọ láti tú ni èyí tó jẹ́ okùnfà àti èyí tó jẹ́ àbájáde. Purotéènì tó pọ̀ nínú ojú tó ti ń kú lè jẹ́ apànìyàn, ó sì lè jẹ́ ẹni tó wá gbèjà. Ẹ̀kán omi kan tí wọ́n fà lẹ́ẹ̀kan kò lè yanjú ìyẹn.

Gbogbo èyí, ìṣòro ìmọ̀ ni, àwọn onímọ̀ á sì máa bá a yí. Ìṣòro tó jẹ́ tiwa ni pé ojú àwọn ará Yúróòpù, Éṣíà àti Amẹ́ríkà ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ ohun tí mo sọ yìí. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Baltimore lọ́dún 1991 fi hàn pé glọ̀kómà onígun ṣíṣí wọ́pọ̀ láàárín àwọn adúláwọ̀ níbẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ti àwọn aláwọ̀ funfun. Ní Tema, ní Gánà, ó lé ní mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ti pé ogójì ọdún. Kò sì yẹ ká rò pé ohun tó wà nínú ojú ẹ̀yà kan náà ló wà nínú ti ẹ̀yà kejì. Ní St. Louis kan náà, Siegfried àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn ọ́síjìn inú ojú nígbà iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì kọ ọ́ lọ́dún 2011 pé ó pọ̀ ní igun ojú àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Bí ọ́síjìn bá pọ̀ lára asẹ́, á jẹ́ pé ìbàjẹ́ tó ń fà lè pọ̀ níbẹ̀, purotéènì tí omi náà ń gbé sì lè yàtọ̀.

Ẹ̀rí tó tún lágbára ju ìyẹn lọ wá láti apá jíìnì, Ìbàdàn sì wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 2019, ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, tó fi mọ́ Gánà, Nàìjíríà, Tanzania àti South Africa, kó èsì àwọn tó lé ní 26,000 tí wọ́n jẹ́ ọmọ Áfíríkà tàbí àtọmọdọ́mọ wọn jọ. Wọ́n rí ìyàtọ̀ kan nínú jíìnì APBB2 tó ń mú kí ewu glọ̀kómà pọ̀ lára àwa adúláwọ̀, tí wọn kò rí irú ipa bẹ́ẹ̀ lára àwọn ará Yúróòpù àti Éṣíà. Jíìnì náà ní í ṣe pẹ̀lú bí ara ṣe ń gé purotéènì kan tó ń di amyloid, èyí tí wọ́n mọ̀ dáadáa nínú ọpọlọ àwọn tó ní àrùn Alzheimer. Àwọn dókítà ojú Yunifásítì Ìbàdàn wà lára àwọn tó kọ ìwé náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeyinka Ashaye sì ló ṣáájú iṣẹ́ Eyes of Africa tó wá jíìnì àrùn yìí káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà. Bí jíìnì wa bá ní ohun tí ti àwọn mìíràn kò ní, omi ẹyinjú wa náà lè ní in. A kò lè fi ojú ará Mainz mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀jẹ̀ tàbí itọ́ ti tó fún ìwádìí jíìnì. Omi ẹyinjú ń fẹ́ yàrá iṣẹ́ abẹ. Adó-Èkìtì sì ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá ń yọ kátáráátì tàbí tí wọ́n bá ń la ọ̀nà tuntun fún omi lójú aláìsàn glọ̀kómà, omi náà á jáde, á sì bá ìdọ̀tí lọ. Láti fà á pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀, ìdá mẹ́wàá mílílítà kan péré, kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ lọ́wọ́ dókítà tó mọṣẹ́, ojú á sì pèsè òmíràn kí wákàtí mélòó kan tó kọjá. Ohun tó le níbẹ̀ ni fíríjì tó tutù dé 80 lábẹ́ òdo tí iná kò gbọ́dọ̀ kú lórí rẹ̀, àkọsílẹ̀ tó péye nípa oògùn tí aláìsàn ti lò, àti owó. Èkìtì tí a mọ̀ fún ọ̀jọ̀gbọ́n lójúlé dójúlé kò yẹ kó fi fíríjì ṣe ìdíwọ́. Ilé ìwòsàn mẹ́ta tó wà nítòsí ara wọn láàárín Adó àti Ìdó lè jọ ní ẹyọ kan, kí wọ́n jọ máa gba omi, kí wọ́n sì bá Ìbàdàn dòwò pọ̀ lórí kíkà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda aláìsàn kò ṣeé fi ẹnu yẹpẹrẹ sọ. Bí ẹnì kan bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fa omi ojú òun lọ sí láàbù, ọkàn rẹ̀ lè lọ sí ibi tí kò dára, a kò sì gbọ́dọ̀ bínú sí i. Kí wọ́n ṣàlàyé fún un ní èdè Èkìtì tó ń sọ nílé, níwájú ọmọ rẹ̀ tàbí ẹni tó bá mú wá: iye tí wọ́n fẹ́ fà, ohun tí wọ́n fẹ́ wá nínú rẹ̀, pé ó lè kọ̀, pé bó bá kọ̀ wọ́n ṣì máa ṣe iṣẹ́ abẹ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Kí ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí sì mọ̀ sí i. Kí èsì náà padà wá sí Èkìtì, kó má ṣe di ohun tí wọ́n ń kà ní òkè òkun nìkan.

Títí dìgbà náà, ohun tó ń gba ojú là wà nílẹ̀. Dókítà á wọn ìfúnpá, á wo orí iṣan ìríran láti inú, á yẹ ìríran ẹ̀gbẹ́ wò. Ìfúnpá nìkan kò tó, pàápàá lára àwa tí awọ iwájú ojú wa sábà máa ń fẹ́lẹ́, tí ẹ̀rọ fi lè ka ìfúnpá wa sí kékeré ju bó ṣe jẹ́ gan-an lọ. Oògùn kíkán ń ṣiṣẹ́ bí a bá ń lò ó lójoojúmọ́. Ẹni tó ní ikọ́ fée kò gbọ́dọ̀ lo timolol láìsọ fún dókítà. Ọ̀pọ̀ ló ń jáwọ́ nítorí owó, tàbí nítorí pé ojú kò mọ́ sí i. Iṣẹ́ oògùn náà kì í ṣe láti mú ojú mọ́ sí i, láti dáàbò bo èyí tó kù ni. Ní ẹkùn Kilimanjaro ní Tanzania, àwọn olùwádìí fi ìmọ́lẹ̀ lésà tí wọ́n ń ta sí asẹ́ ojú wé timolol, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2021: lẹ́yìn ọdún kan, lésà ṣàṣeyọrí lójú 61 nínú ọgọ́rùn-ún, timolol lójú 31. Ara àwọn adúláwọ̀ bíi tiwa ni wọ́n ti ṣe é. Bí ìjọba Èkìtì bá ń wá ohun kan tí yóò ra fún ojú àwọn ará ìlú, ẹ̀rọ lésà yẹn ni kó kọ́kọ́ rà.

Ní Rotterdam lọ́dún 1998, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé àwọn ọmọ ìyá àti ọmọ ẹni tó ní glọ̀kómà, bí wọ́n bá fi máa pé ọgọ́rin ọdún, ewu pé kí àwọn náà ní in jẹ́ 22 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tó jẹ́ méjì àti díẹ̀ fún àwọn tí kò ní in nínú ẹbí. Bí wọ́n bá ti sọ fún bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín pé glọ̀kómà ni, ẹ má dúró de àyẹ̀wò purotéènì kankan. Ẹ lọ sí kílíníìkì ojú kí oṣù yìí tó parí, kí ẹ sọ fún wọn pé ó wà nínú ẹbí yín, kí ẹ sì ní kí wọ́n wo iṣan ìríran yín.